Ìbàdí Tó Já Mi Kulẹ̀ ní Deira

Bírékì ni mo tẹ̀, ìrora ló dá mi lóhùn. Bọ́ọ̀sì akérò ni mò ń wà ní London nígbà yẹn, mo sì ti ń wà á fún ọdún mẹ́fà. Ẹsẹ̀ mi mọ bírékì bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí mo ṣe fẹ́ dúró kí ìyá àgbà kan wọlé, nǹkan kan gún mi níbi tí itan ti pàdé ara, bí ìgbà tí wọ́n bá ki abẹ́rẹ́ ìránpò bọ inú ẹran. Mo rò pé mo jókòó gbòdì ni. Mo sún díẹ̀, mo tún ìjókòó ṣe. Ní ibùdókọ̀ kejì, ó tún gún mi. Nígbà tí mo máa fi sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi jáde nínú ọkọ̀, bí ẹni ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù.

Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí lọ́dún náà. Wàhábì ni wọ́n ń pè mí. N kì í mu sìgá, n kì í mutí, àyà mi sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi fi ń pè mí ní akànṣẹ́. Mo fi róòbù pa á, mo lo panadó. Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, ń fi aṣọ ìnura tó rẹ sínú omi gbígbóná jó o fún mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi tiro kí n tó gbà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ róòbù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, nítorí ó lè ṣe ẹlòmíì láǹfààní. Orí egungun itan wa rí roboto, ó wà nínú ihò ìbàdí bí ìgbà tí ọsàn bá jókòó sínú ife. Bó ṣe ń yí nínú ife yẹn ni a fi ń rìn, tí a fi ń jókòó. Àwọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ló ń bọ́ orí egungun yìí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ mọ́, ebi á pa á, á sì kú. Egungun máa ń kú tí olówó rẹ̀ ṣì wà láàyè. N kò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi. Bó bá ti kú, èèpo ẹyin ni: ó ṣì lè dúró, àmọ́ ọjọ́ tí nǹkan wúwo bá tẹ̀ ẹ́, á fọ́.

Kí ló dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀? Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì sọ fún mi pé SC ni mí. Ẹ̀yà kan ni lára àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Gbogbo wa la mọ SS tó máa ń hàn lára ọmọ láti kékeré. SC lè fara pamọ́ títí ènìyàn á fi bímọ méjì, bí ó ṣe fara pamọ́ sí mi lára. Bí omi ara bá dín, tàbí tí ara bá gbóná jù tàbí tutù jù, àwọn ẹ̀jẹ̀ pupa kan á tẹ̀ kọ́dọ́rọ́ bí dòjé, wọ́n á wá há sójú ọ̀nà. Mo ti ní ìrora ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn láti kékeré. Akọ ibà ni wọ́n ń pè é nílé wa.

Dókítà London ní òun lè yọ egungun náà, kí òun fi èyí tí wọ́n fi irin àti ike ṣe rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní mo kéré jù, nítorí pé irin náà máa ń gbó, ó sì máa sàn kí n ṣì fara dà á. Wọ́n fún mi ní ọ̀pá ìrìn. Wọ́n gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa jókòó sídìí tẹlifóònù ní ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àdúgbò fi káàdì kan ránṣẹ́ sí mi, aláwọ̀ ọsàn, tí fọ́tò mi wà nínú rẹ̀. Bí mo bá gbé e síwájú mọ́tò, mo lè gbé mọ́tò síbi tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ arọ sí.

Arọ. Ọjọ́ tí mo gba káàdì yẹn, inú dúrọ́ọ̀ ni mo jù ú sí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mú un jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré tí mo ti wọlé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nínú gbogbo ohun tí àìsàn náà ti gbà lọ́wọ́ mi, ohun kan ṣoṣo tó fún mi padà nìyẹn. Mo wá fẹ́ràn káàdì náà bí ẹni fẹ́ràn pásípọ́ọ̀tù.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Rísì, ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Deira ní Dubai ló ti ń ra aṣọ àti ẹ̀rọ tó ń kó ránṣẹ́ sí Lagos, àmọ́ Sharjah, ìlú tó múlé tì í, ló ń gbé, ní àdúgbò Abu Shagara, níbi tí owó ilé ti rọjú, tí àwọn tó ń ta mọ́tò àlòkù sì pọ̀ lọ jàra. Bọ́sẹ̀ kò rí àyè gbà níbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo lọ. Oṣù kẹjọ ni. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi nípa ooru, ó ní kí n máa mu omi. Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ Èkó ni mí, ta ló ń fi ooru dẹ́rù bà mí?

Àǹtí Rísì fi ọdún méjìlá jù mí lọ. Ó kéré, ó pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Nígbà tó rí ọ̀pá ìrìn mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ìborùn nu ún. Nínú mọ́tò, mo fi káàdì mi hàn án.

Ó ní, "Wọ́n mọ eléyìí níbí?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ àwòrán kẹ̀kẹ́."

Ìwé kékeré kan bá káàdì náà wá tó ṣàlàyé ibi tó ti lágbára àti ibi tí kò ti lágbára. N kò kà á. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a gbé mọ́tò létí omi ní Sharjah, a sì tún gbé e síwájú ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń yan adìẹ. Kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan. Ó jọ pé mo jàre.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí Rísì ní òun fẹ́ fi ilé ìtajà ńlá kan hàn mí ní Deira, níbi tí òun ti fẹ́ ra bàtà fún Bọ́sẹ̀. Àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Lagos máa pàdé wa níbẹ̀. Nítorí tiwọn ni mo ṣe fi ọ̀pá ìrìn mi sílẹ̀ nílé. N kò fẹ́ kí wọ́n padà sí Èkó lọ sọ pé àwọn rí àbúrò Rísì tó ń fi igi rìn bí bàbá arúgbó. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹni tó ń kà á má baà ṣe bíi tèmi.

Àyè méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ya kẹ̀kẹ́ sí, ọ̀kan ṣófo. Àǹtí Rísì gbé mọ́tò síbẹ̀, mo gbé káàdì mi síwájú gíláàsì. A kò tíì ṣílẹ̀kùn tí ẹ̀ṣọ́ kan fi dé. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ọmọ Pakistan, ó ti fi làálì kun irùngbọ̀n rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò pọ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì pọ̀, àmọ́ wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

Ó ní, "Madam, ibí kọ́. Ti àwọn aláìsàn nìyí."

Ẹ̀gbọ́n mi mú káàdì náà, ó nà án sí i lójú fèrèsé. Bàbá náà mú un, ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. "London nìyí," ó ní. "Ti ọlọ́pàá Dubai ni mo mọ̀. Aláìsàn náà dà?"

Mo ní, "Èmi ni."

Mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rí àyà mi tó fẹ̀. Kò rí ọ̀pá, kò rí kẹ̀kẹ́, kò rí báńdéèjì. Kò bú mi o. Ó kàn mi orí bí ẹni ń káàánú òpùrọ́.

"Habibi, ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Madam, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Khalas, ó parí. Yalla, ẹ lọ sẹ́yìn."

Àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn wa ti ń fọn fèrè. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n ṣí ṣòkòtò kí n fi egungun tó kú hàn án? Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ." Mo gba káàdì mi, mo fi sápò, mo padà wọ mọ́tò.

Ẹ̀yìn ilé náà, orí iyanrìn gbalasa, ni a ti rí àyè. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jókòó sínú mọ́tò kí òun sáré lọ ra bàtà náà wá. Èmi ni mo yarí. Mo ní mo lè rìn ín, ṣebí kò ju pápá ìgbábọ́ọ̀lù kan lọ. Iyanrìn kì í ṣe ilẹ̀ tó le. Gbogbo ìṣísẹ̀ ni ẹsẹ̀ fi ń rì, tí ìbàdí sì ń yí. Ooru náà bò mí bí aṣọ òtútù tó rẹ sínú omi gbígbóná. N kò tíì mu omi láti àárọ̀ àyàfi tíì ife kan.

Àárín mọ́tò funfun méjì ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ, inú ara ni. Ohun kan ṣe kẹ́kẹ́ nínú ìbàdí mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì lọ. Mo bá ara mi nílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ènìyàn máa ń pariwo nígbà bẹ́ẹ̀. Ohùn kò jáde. Iyanrìn ń jó mi lápá, n kò lè gbé apá. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí abẹ́ ìyá apá mi, ó fà, ó fà, ó sì ń pe orúkọ mi. Obìnrin kékeré tó ti pé àádọ́ta ọdún, báwo ló ṣe fẹ́ gbé ọkùnrin tó tó mi? Bó ṣe ń fà mí ni egungun ń ha ara wọn. Mo fẹ́ sọ pé kó fi mí sílẹ̀, ẹnu mi ti gbẹ. Ọkùnrin ni mí, mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ méjì, n kò sì lè yí ara mi kúrò lórí ohun tó ń jó mi.

Ó fi mí sílẹ̀, ó sáré. Ẹni tó sáré tẹ̀ lé e padà ni bàbá onílàálì. Páálí ńlá ló gbé lọ́wọ́, ó tì í sábẹ́ mi díẹ̀díẹ̀ títí iyanrìn kò fi kàn mí mọ́. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó nà án sókè lójú oòrùn, ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀, ó ń da omi sí mi létè. Ó ń sọ "sorry, sorry" láìdákẹ́. N kò bínú sí i. Òfin tó mọ̀ ló tẹ̀ lé, èmi ni n kò wádìí. Ó nà ṣẹ́ẹ̀tì yẹn títí ọkọ̀ aláìsàn fi dé.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi mí sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ọ̀nà àbákọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mìíràn tó ń dúró. Iná gígùn kan wà lókè orí mi, mo ń wò ó. Ohun tó burú nínú ìdúró náà ni pé ìrora mìíràn ti dé: ẹ̀yìn, apá, àyà. Òùngbẹ àti ooru ti mú kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bí dòjé káàkiri. Nígbà tí wọ́n fi omi sí mi lára, tí wọ́n sì fún mi ní abẹ́rẹ́ apàrora, mo sunkún níwájú nọ́ọ̀sì tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Obìnrin ará India ni dókítà. Ó gbé ẹ̀síréè sójú iná. Orí egungun itan ọ̀tún tó yẹ kó rí roboto ti rún, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́, àti pé ó sàn kí n padà sọ́dọ̀ àwọn tó ti mọ̀ mí ní London bí ara bá ti balẹ̀. Ó tún tọ́ka sí ti òsì: ó ní òjìji kan wà níbẹ̀ tí òun kò fẹ́ràn. Lẹ́yìn náà ó bi wá bóyá ọmọ ìyá wa kankan ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ tí wọ́n fi bò mí ṣe.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wẹ̀ mí. Òun ló ń gbé abọ́ ìgbẹ́ sábẹ́ mi, tó sì ń nù mí. Mo kọjú sí ògiri. Ó ní, "Yí ojú rẹ padà jàre. Ṣé mi ò ṣe é fún ọ rí ni? Ẹ̀yìn mi lo tọ̀ sí títí o fi dàgbà." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ń tì mí síbẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, bó ṣe ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Wàhábì, ṣé o rántí Mùdá?"

Mo ní n kò rántí rẹ̀ dáadáa. Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí Mùdá kú, òun ló ṣáájú mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni.

"Wọ́n ní àbíkú ni," ó wí. "Gbogbo ìgbà ló ń sunkún ẹsẹ̀. Á ní kí n gbé òun pọ̀n. Mo ní kó dákẹ́, pé irọ́ ló ń pa, pé ọ̀lẹ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sín in ní gbẹ́rẹ́ kó má baà lọ, èmi ni wọ́n ní kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú." Ó wo ẹsẹ̀ mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò purọ́, àbí?"

A kò lè mọ̀ dájú. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ Mùdá wò, dókítà náà kò sì lè sọ ohun tó pa ọmọ tí kò rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí kọ́ nìyẹn.

Mo ní, "Kò purọ́, Àǹtí."

Ó forí lé etí bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ gbà á mọ́ra, àmọ́ omi tí wọ́n fi sí mi lápá kò jẹ́ kí ọwọ́ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. AS ni. Ọjọ́ yẹn náà ló pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní Lagos lórí fóònù, ó ní kí wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ tiwọn kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni wálé.

Kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n fi tì mí wọ ọkọ̀ òfuurufú, kẹ̀kẹ́ arọ náà ni wọ́n fi tì mí jáde sọ́wọ́ Bọ́sẹ̀ ní London. Ó wò mí, ó gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tì í. Oṣù márùn-ún ni mo fi dúró de iṣẹ́ abẹ. Yàrá ìdúró yẹn ṣì wà lójú mi: àwọn àga aláwọ̀ ewé, àwọn àgbàlagbà tó ju mí lọ ní ogún ọdún, gbogbo wa tí a ń wo ilẹ̀kùn kan náà. Kí wọ́n tó là mí, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n bò mí kí òtútù má mú mi. Nígbà tí mo jí, ìrora ojú abẹ wà, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìrora ti tẹ́lẹ̀, èyí tó ti ń bá mi gbé láti ìjókòó bọ́ọ̀sì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá a títí, n kò rí i.

Mo kọ́ ìrìn bí ọmọ ọwọ́, láti orí irin onígun mẹ́rin bọ́ sí ọ̀pá abẹ́ apá méjì, títí ó fi ku ọ̀pá kan. Mi ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ jù. Mi ò lè forí kanlẹ̀ kírun mọ́. Orí àga ni mo ti ń kí i lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, láàárín àwọn bàbá arúgbó. Ìbàdí òsì ti ń gún mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan báyìí. Mo mọ ohun tó ń bọ̀, n kò sì ní ohun tí mo lè ṣe ju pé kí n máa mu omi, kí n má sì fi ọ̀pá mi sílẹ̀ nítorí ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú káàdì mi, tí ẹ sì fẹ́ rìnrìn àjò ìsinmi, ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Agbára káàdì náà kò kọjá ibi tí òfin rẹ̀ dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá ìrìnnà ìlú tí ẹ ń lọ bóyá wọ́n lè fún àlejò ní tiwọn, ẹ sì mú ìwé dókítà dání. Bí wọ́n bá lé yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má ṣe rìn ín nítorí ìtìjú. Ẹ jókòó sínú mọ́tò, ẹ rán ẹlòmíì.

Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi lo ara yìí láìkí i. Mo ń ná an bí ẹni tó bá owó he. Nísinsìnyí, bí mo bá jí láàárọ̀, n kì í fò dìde. Mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá fi ọwọ́ kan ìbàdí onírin, màá fi ìkejì kan èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ mi tó ti ń rẹ̀. Màá kí àwọn méjèèjì pé ẹ kú iṣẹ́ àná. Bọ́sẹ̀ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù.

Màá di ọ̀pá mi mú, màá dúró díẹ̀ kí n mọ̀ bóyá wọ́n gbà. Bí wọ́n bá gbà, màá ní Alhamdulillahi, màá sì gbé ẹsẹ̀ kan.